Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wa Mọ Odò Tí Ó Ń Ṣàn Lẹ́yìn Ilé Rẹ̀

Ìtàn tí àwọn àgbà Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, máa ń sọ nípa bí wọ́n ṣe tẹ ìlú wọn dó, ìdí igi kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ọlọ́dẹ, pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn, ń sá fún ọ̀dá, tí wọ́n rìn títí tí wọ́n fi kan odò Ọ̀ṣun, wọ́n pa àgọ́ sí etí omi, wọ́n ṣán igbó, wọ́n sì fi àáké lé igi ńlá kan tí ó wà ní bèbè. Bí igi náà sì ti wó sínú ibú gbìì, bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan ké láti ìsàlẹ̀ omi pé gbogbo ìkòkò aró òun ni wọ́n fọ́ tán yìí. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n túúbá, wọ́n sì bá ẹni tí ó ni ibú dá májẹ̀mú: wọ́n kó kúrò ní etí odò lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga, wọ́n fi igbó sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, wọ́n sì fi í ṣe èèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́ nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sí odò náà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gé igi ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá wù ú lè pe èyí ní àlọ́. Ní tèmi, n kò tíì rí ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ nínú gbogbo ìwé tí a ń kó wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa: pé igi tí o gé lórí ilẹ̀ tí o rò pé kò ní olúwa, orí dúkìá ẹlòmíràn ni yóò wó lé, àti pé ẹni tí ó bá kọ́lé sí ọ̀nà omi, bí omi bá padà wá gba ọ̀nà rẹ̀, kò ní ẹni tí yóò bá ṣẹjọ́. Ọmọ tí ó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ti gba ẹ̀kọ́ kí ó tó mọ ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀ sí ẹfun.

Èrè májẹ̀mú náà sì wà níbẹ̀ tí ojú ń rí i. Igbó Ọ̀ṣun tí ó kù lónìí fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ó sì wà lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji àtètèkọ́ṣe tí ó ṣẹ́kù ní gúúsù Nàìjíríà. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ṣùgbọ́n kí ìwé àṣẹ kankan tó dé, èèwọ̀ ni ó ti ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí okùn èèwọ̀ náà sì fẹ́ máa dẹ̀, tí àwọn kan ti ń gé igi, tí wọ́n sì ń pa ẹran níbẹ̀, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dìde pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́-ọnà ọmọ ìlú bí Adébísí Àkànjí àti Kàsálí Àkàńgbé, wọ́n fi ère sìmẹ́ǹtì àti ọnà igi dá ògo igbó náà padà, títí ikú fi pa Àdùnní lójú dé ní 2009. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé ọmọ Òṣogbo ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ó po sìmẹ́ǹtì náà. Bí a bá gbé gbogbo iyì fún àlejò, a ó máa kọ́ ọmọ wa pé àlejò nìkan ni í tọ́jú igbó.

Síbẹ̀, n kò wá sọ pé kí a padà sí ayé èèwọ̀ lásán. Ìbẹ̀rù dára ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ààlà igbó bá parí sí ni agbára ìbẹ̀rù náà ń parí sí. Odò Ọ̀ṣun kì í ṣe ti Òṣogbo nìkan. Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà, ó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó kan Òṣogbo, ó sì ń lọ sí ìsàlẹ̀ títí yóò fi dà sí ọ̀sà ní apá Ẹ̀pẹ́. Ní òkè odò yìí ni àwọn awakùsà ti ń yí ilẹ̀ po nítorí wúrà, ọ̀pọ̀ wọn ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí wọ́n ń ṣan yẹ̀pẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tí ń bọ́ Ọ̀ṣun. Láti ọdún mélòó kan wá sì ni àwọ̀ omi náà ti di ti amọ̀ pupa, débi pé ìjọba pàápàá ti kìlọ̀ fún àwọn tí ń bu ú mu nígbà ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n ṣọ́ra. Ẹja tí èèwọ̀ gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ̀, èèwọ̀ kò rí i gbà lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ń wa wúrà ní òkè kò jẹ ẹja Ọ̀ṣun rí, kò gé igi igbó Ọ̀ṣun, kò dá òfin kankan tí a kọ́ ọ. Ohun tí a kò kọ́ ọ rárá ni pé omi tí ó yọ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ sí ní òwúrọ̀ yìí ni ọmọ kan yóò fi wẹ̀ ní ìlú mìíràn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìmọ̀ ni kí a fi rọ́pò ìbẹ̀rù tí ó ti ń tán lọ, kí ó sì jẹ́ ìmọ̀ nípa ibi kan pàtó tí ẹsẹ̀ ọmọ lè rìn dé. Ọmọ wa ti mọ̀ láti inú ìwé pé yìnyín ń yọ́ ní ìpẹ̀kun ayé, pé kìnnìún ń dínkù, pé afẹ́fẹ́ ń gbóná. Ẹ wá bi í léèrè orúkọ odò tí ó fò kọjá nígbà tí ó ń bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, yóò wo ojú yín bí ẹni tí wọ́n fi èdè Hausa bá sọ̀rọ̀.

Kí olùkọ́ mú ìgò kan tí ó mọ́ kedere àti àwo tánńganran funfun kan, kí ó kó kíláàsì rẹ̀ lọ sí etí odò pẹ̀lú àgbàlagbà méjì mẹ́ta tí yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ kí ẹnikẹ́ni má bàa kó wọ inú omi. Kí wọ́n bu omi sínú ìgò náà, kí wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé kíláàsì di ọjọ́ kejì, kí wọ́n má ṣe mì ín. Ní ọjọ́ kejì, kí ọmọ kan fi rúlà wọn bí ẹrẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ ti ga tó, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì kọ bóyá òjò rọ̀ lánàá tàbí kò rọ̀. Àwo funfun ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí olùkọ́ yí òkúta kan padà ní ibi tí omi kò jìn, kí ó ṣan abẹ́ rẹ̀ sínú àwo, kí àwọn ọmọ sì yí i ká. Bí omi náà bá ṣì lára dá, wọn yóò rí ọmọ lámilámi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ojú rẹ̀ tóbi, tí ń rákò láìtíì ní ìyẹ́ tí ó lè fi fò, nítorí pé inú omi ni lámilámi ti í lo ìgbà èwe rẹ̀. Wọn yóò sì rí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ mìíràn tí kò lè gbé inú ìdọ̀tí. Bí omi bá ti bàjẹ́, gbogbo ìwọ̀nyí a pòórá, ìdin pupa tíńtín a sì gba ilé wọn. Ọmọ tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí èyí, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù dé oṣù, ti di ẹlẹ́rìí. A kò sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹlẹ́rìí bí a ti ń tan ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀dọ̀ ìrókò díẹ̀, nítorí pé òun ni ọmọ aráyé ń pe orúkọ rẹ̀ jù nínú òwe, tí wọ́n sì mọ̀ kéré jù. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n sọ. Mélòó nínú wa ni ó ti rí ìrókò kékeré rí? Ní àtijọ́, ọmọdé kì í fẹ́ kọjá ní ìdí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nítorí Olúwéré, iwin tí wọ́n ní ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ agégi dání lónìí kò bẹ̀rù Olúwéré, kò sì sí ohun mìíràn tí a fi sí ọkàn rẹ̀ ní ipò ìbẹ̀rù náà. Wàyí o, kí ni a bá sọ fún un? À bá sọ fún un pé àdán ńlá tí ń jẹ èso, irú èyí tí ń so rọ̀ yámùyámù lórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ni olórí àwọn tí ń gbin ìrókò. Pé ní òru ni ó ń jẹ èso rẹ̀, tí ó sì ń fò lọ sí ọ̀nà jíjìn kí ó tó yàgbẹ́ irúgbìn náà sórí ilẹ̀ tí ìyá igi kò lè dé. Pé ọmọ tí ó bá ń fi rọ́bà sọ àdán lókò nítorí àtijẹ ẹran rẹ̀, ìrókò tí kò tíì hù ni ó ń gé. À bá sì mú un dé ìdí ọ̀jẹ̀lẹ́ ìrókò, kí ó wo ewé tí ó wú bí ẹni tí oówo sọ. Kòkòrò kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì ni ó yé sí i; bí ewé bá wú tán, a bẹ́, a rà, orí igi náà a sì kú lọ sílẹ̀. Kòkòrò yìí ni ó mú kí ó ṣòro fún àwọn onígbó ìjọba láti gbin oko ìrókò bí ẹni gbin oko kòkó, nítorí pé ibi tí ọ̀jẹ̀lẹ́ ìrókò bá ti tò lọ rẹrẹ nínú oòrùn ni ó ti ń rí oúnjẹ jẹ jù; èyí tí ó bá wà lábẹ́ òjìji àwọn igi mìíràn a máa rí ààyè mí díẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe: ọmọ tí ó ti wo ewé wíwú yẹn kò tún ní pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà lásán mọ́.

Ta ni yóò kọ́ wọn? Olùkọ́ tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ṣàlàyé bí ewé ti ń fi oòrùn se oúnjẹ, kí ó má sì mọ orúkọ igi tí ó wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí kò ní ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tí yóò fi ọwọ́ kan ewé ogún kí ó sì pe gbogbo wọn ní orúkọ, tí yóò sọ èyí tí ó ti ń ṣọ̀wọ́n àti bí ó ti ń jìnnà sí ilé sí i lọ́dọọdún kí òun tó rí i já. Kò sí etí ọ̀sà tí kò ní bàbá apẹja, kò sí abúlé tí kò ní ọdẹ. Kí a pe àwọn wọ̀nyí wọ kíláàsì, kí a fi àga fún wọn, kí a sì fún wọn ní owó ọkọ̀ àti owó àsìkò wọn, nítorí pé ọwọ́ òfo kò yẹ olùkọ́. N kò ní fi bò pé ọdẹ kan náà tí yóò kọ́ ọmọ wa ní ipasẹ̀ ẹran lè jẹ́ ẹni tí ó so akíka rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì fún àwọn onímọ́tò láti rà. Akíka, ẹlẹ́wù ìpẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, tí ó jẹ́ pé ó ká jọ ni gbogbo ìjà rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé sì ti fi ẹnu kò láti 2016 pé a kò gbọdọ̀ tà á gba ẹnubodè mọ́. Kí ọmọ bi ọdẹ léèrè ní gbangba kíláàsì pé, “Bàbá, ìgbà wo lẹ ti rí akíka kẹ́yìn?” Ìdáhùn bàbá náà yóò kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, yóò sì kọ́ bàbá fúnra rẹ̀.

Ohun tí a ń ṣe dípò gbogbo èyí ni ayẹyẹ igi gbígbìn. Bí ó bá ti di ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ọjọ́ àyíká lágbàáyé, àwọn ènìyàn pàtàkì a dé pẹ̀lú ayàwòrán, wọn a fi ṣọ́bìrì tuntun bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí ìdí igi, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a kọrin nínú oòrùn, mọ́tò a sì kó gbogbo wọn lọ. Òjò oṣù kẹfà a tọ́jú igi náà fún ìgbà díẹ̀. Ewúrẹ́ a wá jẹ nínú rẹ̀. Èyí tí ewúrẹ́ bá sì fi sílẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ a gbà á, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi Kérésìmesì nígbà tí ọyẹ́ bá dé, kò sì sí ẹni tí a yàn láti bu omi. Bí mo bá ní àṣẹ, n kò ní jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan gba ju igi mẹ́ta lọ lọ́dún. N ó ní kí ìdílé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nítòsí gba ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ láti máa pọn omi sí i, kí a fi ọparun ṣọgbà yí i ká, kí a má sì ya fọ́tò kankan títí igi náà yóò fi kọjá ọ̀gbẹlẹ̀ kejì láyé. Ó tún kù síbì kan. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń rán lọ ro koríko. Èyí tí ó bá ṣẹ̀, oko ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí tipẹ́. A ti fi ewéko ṣe pàṣán fún ọmọ, a sì ń retí pé kí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àwọn lọ sí igbó tí ó jẹ́ ti òòṣà, tàbí kí babaláwo wá kọ́ wọn ní ewé. Mo gbọ́ wọn, n kò sì fẹ́ fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀. Kí onígbàgbọ́ rántí pé inú ọgbà ni Ọlọ́run fi Ádámù sí, pé kí ó máa ro ó kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Kí mùsùlùmí rántí ohun tí Ànábì sọ nípa ẹni tí ọ̀gbìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìkẹyìn bá dé, pé kí ó gbìn ín síbẹ̀síbẹ̀. Bí igbó Ọ̀ṣun bá ni yín lára, odò mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò bọ.

Àwa àgbà ni iṣẹ́ náà le fún jù. Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò nílẹ̀ Yorùbá bí òjò bá ti ṣú: ìyá a pe ọmọ rẹ̀, a gbé ike ìdọ̀tí lé e lórí, a ní kí ó sáré lọ dà á sí gọ́tà kí àgbàrá gbé e lọ. Ọmọ náà ni a ń rán. Ẹ̀kọ́ nípa àyíká ni ìyá náà ń kọ́ ọ ní àkókò yẹn, ó sì ń kọ́ ọ dáadáa ju olùkọ́ èyíkéyìí lọ, nítorí pé ó ń fi iṣẹ́ ṣe é. Ìbàdàn mọ ibi tí àgbàrá ń gbé e lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, ẹ̀mí tún lọ. Òjò pọ̀ lóòótọ́ ní ìgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi àti pàǹtí tí ó dí abẹ́ afárá kì í ṣe iṣẹ́ òjò. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kí ilé-ẹ̀kọ́ máa pe àwọn òbí wá sí etí odò pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní sáà, kí ọmọ fi ìwé tí ó kọ hàn wọ́n, kí ó sì jẹ́ pé òun ni yóò ṣàlàyé.

Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní kò sí àkókò, pé ìdánwò ń bọ̀. Wákàtí kan lóṣù ni mo ń bèèrè, nínú èyí tí ìṣirò, èdè àti sáyẹ́ǹsì yóò ti wà pọ̀. Orí odò Ọ̀ṣun ni ǹ bá ti fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀: kí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìgèdè, ọ̀kan tàbí méjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀kan ní Òṣogbo, àti ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ lápá Ẹ̀pẹ́, máa bu omi sínú ìgò ní ọjọ́ kan náà, ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí wọ́n wọn ẹrẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ sí ara wọn, kí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí ń sọ Yorùbá sì máa ka á jáde lẹ́yìn ìròyìn bí wọ́n ti ń ka ti bọ́ọ̀lù. Bí àwọn ọmọ Ìgèdè bá kọ ọ́ pé omi àwọn mọ́ gaara, tí àwọn ọmọ Òṣogbo sì kọ ọ́ pé ẹrẹ̀ ìka méjì ni ó wà nísàlẹ̀ ìgò tiwọn, gbogbo ayé yóò mọ̀ pé àárín méjèèjì ni ó ti bàjẹ́, a ó sì mọ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ó yẹ kí a pè wá wí tẹnu wọn.